Katakata Lórí Ilẹ̀ Tútù: Ohun Tójú Mi Rí Lóko Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Lọ́sẹ̀ tó lọ ni àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀ sọ́nà Ìsẹ́yìn pè mí, inú ẹ̀ ń dùn, ó ní òjò rọ̀ mọ́jú lọ́dọ̀ àwọn, ilẹ̀ ti rọ̀ dáadáa, òun ti sanwó katakata, wọ́n ń bọ̀ wá tulẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dúró ná!" Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé lórí fóònù títí kírẹ́díìtì mi fi tán, ìgbà yẹn ni mo ní kí n kúkú jókòó kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, torí ohun tí mo pàdánù sí ọ̀rọ̀ fífi katakata tu ilẹ̀ tó ṣì tutù yìí, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì pàdánù ẹ̀.

Oko wa wà láàárín Fìdítì sí Ìlọrà, ilẹ̀ bàbá mi ni, éékà mẹ́rin. Aṣọ ni mo ń tà n'Íbàdàn tẹ́lẹ̀ kí n tó padà sóko ní 2018. Ilẹ̀ yẹn, apá òkè ẹ̀ yanrìn ni, òkúta wẹ́wẹ́ sì pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi odò kékeré tó wà nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ nilẹ̀ ń dúdú sí i tó ń lẹ̀ mọ́ bàtà, títí tó fi di ilẹ̀ amọ̀ pátápátá. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, oko kan náà ni ṣùgbọ́n ilẹ̀ méjì ló wà nínú ẹ̀, èmi ò sì kà á sí nígbà yẹn.

Àwọn ọdún àkọ́kọ́, ọkọ́ la fi ń ro ó, àwọn lébìrà la ń gbà. Owó lébìrà ń gòkè lọ́dọọdún, nígbà tó fi máa di 2021 mo ní ó tó, katakata ni mo máa lò. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á mọ̀ pé katakata ò pọ̀. Alàájì kan ló ní èyí tí gbogbo wa ń lò, látìgbà tí òjò àkọ́kọ́ bá ti rọ̀ nínú oṣù kẹta làwọn èèyàn ti ń san dípọ́sìtì, wọ́n á kọ orúkọ ẹ sínú ìwé, tó bá kàn ẹ́, ó kàn ẹ́ náà nìyẹn, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o. Tó o bá ní kí wọ́n fò ẹ́, ó di ẹ̀yìn gbogbo èèyàn. Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ tutù, mo mọ̀. Ẹ̀rù pé àsìkò máa kọjá mọ́ mi lórí ló mú mi ṣe ohun tí mo ṣe.

Oṣù karùn-ún ló kàn mí. Òjò ti fi òru mẹ́ta rọ̀ léraléra. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin oòrùn yọ, ojú ilẹ̀ sì dà bíi pé ó ti fẹ́ẹ́ gbẹ. Alàájì pè mí, wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, a ti wà lójú ọ̀nà o. Tẹ́ ẹ bá ní ká má wá, ẹ ò ní rí wa mọ́ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta." Bàbá kan wà tí oko wọn bá tiwa pààlà, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Wọ́n rìn wá sí etí oko, wọ́n tẹ ilẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, jẹ́ kí ilẹ̀ yìí fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin." Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé, àsìkò ló ń lọ." Wọ́n ò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn wọn létí títí dòní.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látòkè. Níbi yanrìn yẹn iṣẹ́ lọ dáadáa, ilẹ̀ ń ya wúruwùru, inú mi dùn. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì ìsàlẹ̀ ni mo rí i pé ohun tí dísìkì, àwọn irin roboto tí katakata fi ń tulẹ̀, ń yọ jáde ti yàtọ̀. Kò fọ́ mọ́, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ló ń jáde, tó ń dán, bí ọṣẹ tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ṣé ẹ mọ̀ pé ó wù mí? Mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ní ẹ wo ilẹ̀ ọlọ́ràá. Mi ò mọ̀ pé dídán yẹn gan-an ni ìpalára. Ẹni tó bá rí i kí ilẹ̀ máa dán lẹ́yìn dísìkì, kó ní kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe pé ìlà kan péré ló kù.

Ó ku nǹkan bí ìlà mẹ́jọ ká parí nígbà tí táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú kan. Dírẹ́bà tẹ iná sí i. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni táyà ń gbẹ́ kòtò fún ara ẹ̀, ẹrẹ̀ ń fọ́n sí wa lójú, kò pẹ́ tó fi rì dé àárín táyà, irin ìdí ẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀. Wọ́n gé igi, wọ́n tì í sábẹ́, táyà ta igi nù. Wọ́n kó òkúta, ilẹ̀ gbé e mì. Ìgbà tó di ìrọ̀lẹ́ wọ́n pe katakata míì láti Ìlọrà, èmi ni mo sanwó ẹ̀, ó ju owó tí mo san láti tulẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e ni mi ò lè gbàgbé. Wọ́n so ṣéènì mọ́ òkè ẹ̀yìn katakata kejì, níbi irin tó ga, wọ́n ní ibẹ̀ ló máa lágbára. Nígbà tó fà á, orí katakata náà gbé sókè, táyà iwájú méjèèjì kúrò nílẹ̀. Gbogbo wa pariwo. Dírẹ́bà náà já a sílẹ̀ kíá, ó balẹ̀ padà gbàà. Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yìí ṣéènì já, ó fò kọjá, ó kọlu irin tó bo táyà, ó tẹ̀ ẹ́ wọnú. Ọmọkùnrin kan tó ń bá wa gbé igi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni, kò tíì tó ìṣẹ́jú kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò sùn. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń rí, kì í ṣe owó.

Torí náà kí n sọ èyí kí n tó máa bá ìtàn lọ. Tí katakata bá rì, ẹ má jẹ́ kó máa yí táyà lójú kan, kò sí ìgbà kankan tí ìyẹn ń yọ ọ́, ó kàn ń rì sí i ni. Ẹ tú dísìkì kúrò lẹ́yìn ẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹrẹ̀ iwájú táyà àtèyí tó wà lábẹ́ irin, kó gbìyànjú láti gba ibi tó bá wọlé padà jáde. Tó bá di fífà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa ń so ṣéènì mọ́, níbi irin tí wọ́n fi ń fa tírélà, kì í ṣe òkè, kì í sì í ṣe ìdí táyà, torí tí ìfà bá ga, orí katakata máa gbé sókè, ó sì lè da dírẹ́bà bolẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó rí àyè tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Kí gbogbo èèyàn jìnnà ju gígùn ṣéènì lọ, lápá ọ̀tún, lápá òsì, níbi gbogbo. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ fi í sílẹ̀ dọ̀la. Kò sẹ́ni tó máa jí katakata tó rì.

Ó yọ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn náà òjò dáwọ́ dúró, oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo padà sóko, mo bá àwọn pẹlẹbẹ tó ń dán yẹn, wọ́n ti di ògúlùtu. Mo fi ọkọ́ lù ú, ọkọ́ ta padà. Wọ́n gbé hárò wá, irin tí katakata ń fà láti fọ́ ògúlùtu, hárò ń fò lórí ẹ̀, mo tún san owó hárò ẹ̀ẹ̀kejì, síbẹ̀ ó kàn ń yí àwọn ògúlùtu náà káàkiri ni. Bàbá wá wò ó. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń mọ ilé alámọ̀?"

Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú. Ẹni tó bá ti rí i rí á mọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ ilé láyé àtijọ́, wọ́n á wa erùpẹ̀, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á fi jáde, lẹ́yìn náà oòrùn á gbẹ ẹ́, ó di ògiri tó lè dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí mo sanwó fún lóko mi gẹ́lẹ́ nìyẹn. Òjò bu omi sí i, katakata tó wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ tẹ̀ ẹ́, oòrùn gbẹ ẹ́. Ihò tín-tìn-tín tó yẹ kí omi àti afẹ́fẹ́ máa gbà kọjá nínú ilẹ̀ ti dí. Lábẹ́ ibi tí dísìkì dé sì rèé, dísìkì ti rẹ́ ẹ bí bíríkìlà ṣe ń rẹ́ ògiri, ó dán, omi ò lè kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ níwọ̀nba, erùpẹ̀ máa ń di ara ẹ̀ mú, ó lè gbé ẹrù. Tó bá tutù, omi á jẹ́ kó máa yọ̀ mọ́ra, ìwúwo díẹ̀ á sì fún un pọ̀.

Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí làwọn baba wa ń kì í. Èmi dé, mo fi irin ya irun orí ẹ̀ nígbà tó tutù rinrin.

Mo gbin àgbàdo síbẹ̀ náà, kí ni mo fẹ́ ṣe, owó ti wọlé. Ó pẹ́ kó tó hù, ó hù ṣákaṣàka. Àwọn tòkè ń dúdú, wọ́n ń ga, tìsàlẹ̀ kò ju orúnkún lọ, ó sì ń pọ́n. Ibi tí táyà gbà kọjá, ìlà méjì méjì, ẹ lè dúró lókèèrè kẹ́ ẹ rí i bí ẹni fi rúlà fà á. Mo rò pé ajílẹ̀ ni kò tó, mo ra yúríà, mo fi sí i, nígbà tí kò yí padà mo tún fi sí i lẹ́ẹ̀kejì. Owó yẹn ṣòfò. Òjò bá rọ̀, omi á dúró fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta lójú ipa táyà, tẹ́ ẹ bá wa ibẹ̀ erùpẹ̀ ẹ̀ ti ń di eérú eérú láwọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nígbà tó yá mo fa igi àgbàdo kan tu, mo fọ gbòǹgbò ẹ̀. Gbòǹgbò náà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó wá yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń rá kiri bí ẹni tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì pa. Ilé ẹ̀ ni mo fi sìmẹ́ńtì dí.

Ní 2020 tá a fi ọkọ́ ro ó, àpò àgbàdo mẹ́rìnlá la kó ní éékà méjì ìsàlẹ̀ yẹn. Ní 2021, àpò márùn-ún.

Ẹ ò ní mọ bó ṣe rí lára mi. Èmi tí mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, tí àwọn ará ilé ń wò pé báwo ló ṣe fẹ́ ṣe é. Mo ń yẹra fún Bàbá, mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọ oko kí n má bàa kí wọn. Tẹ́ ẹ bá wà nírú ipò yẹn, ẹ má ṣe bíi tèmi, ẹ lọ bá ẹni tó kìlọ̀ fún yín, torí òun ló máa mọ ọ̀nà àbáyọ. Èmi fi odidi ọdún kan ṣòfò sórí ìtìjú.

Torí ọdún kejì, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni mo tún ṣẹ̀, ọ̀nà ló yàtọ̀. Wọ́n sọ fún mi pé tí ilẹ̀ bá ti kì, ìyẹn ni pé ó ti fún pọ̀, kí n ní kí wọ́n tú u jìn, kí dísìkì wọlé dáadáa kó fọ́ ohun tó dí lábẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò burú, àsìkò ni mi ò mú dáadáa. Ìparí oṣù kẹrin ni, òjò ti dáwọ́ dúró fún ọjọ́ márùn-ún, ojú ilẹ̀ gbẹ, ó ń ṣe eruku díẹ̀. Mo ní ó ti tó. Mi ò wa ìsàlẹ̀ wò. Lábẹ́ níbẹ̀ ó ṣì tutù bí ẹ̀kọ, torí omi ò ráyè jò lọ, ṣebí èmi ni mo ti dí i. Katakata tó tóbi ju tàkọ́kọ́ lọ ni wọ́n gbé wá, ó tún fún un pọ̀ sí i, ìgbà yìí nísàlẹ̀ tí ọkọ́ ò lè dé. Ẹ jọ̀ọ́, ojú ilẹ̀ máa ń pa irọ́.

Lásìkò yẹn náà ni mo kíyè sí ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé mi, ibi tí kò sí katakata kankan. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú ni mo ń gbìn síbẹ̀, mo máa ń jí ní kùtùkùtù lẹ́yìn òjò wọnú ẹ̀ lọ fa koríko, torí koríko rọrùn láti fà tu lásìkò yẹn. Ibi tí mo ń gbẹ́sẹ̀ lé lójoojúmọ́, ẹ̀fọ́ ò dàgbà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi lásán o! Mo wá pín in sí ebè pẹlẹbẹ tí ọwọ́ mi lè dé àárín ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi ojú ọ̀nà sáàárín wọn, mo da pòpórò àgbàdo sójú ọ̀nà, mi ò sì tẹ orí ebè mọ́ láé. Oṣù mẹ́ta péré la fi rí ìyàtọ̀. Mo ní háà, tó bá ṣiṣẹ́ níbí, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ lóko.

Ìgbà yẹn ni mo wá lọ kí Bàbá, mo sì lọ bá ọ̀gá agirík kan tó ń wá gba àwa àgbẹ̀ nímọ̀ràn ládùúgbò wa. Ọ̀gá yẹn ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, pé n'Íbàdàn níbí, ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, ọmọ Íńdíà kan tó ń jẹ́ Rattan Lal ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ wa láti 1970 títí di 1987, tó ń dán an wò bóyá a lè gbin nǹkan láì tulẹ̀ rárá, ká kàn fi koríko àti pòpórò bo ojú ilẹ̀ kí òjò má bàa nà án ní tààrà. Ní 2020 ni wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n ń fún àwọn tó ṣiṣẹ́ ribiribi lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ lágbàáyé. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́. Oko mi ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí, lórí irú ilẹ̀ tí mo ń tẹ̀, ṣáájú kí wọ́n tó bí mi pàápàá, mi ò sì gbọ́ ọ rí.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí rèé. Kí n tó pe katakata, mo máa ń gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́rin, ó kéré tán méjì nínú ẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ níbi amọ̀. Mo máa ń gbẹ́ ẹ dé ibi tí dísìkì ń dé, ìyẹn bíi kẹ́ ẹ na ọwọ́ yín tán, láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Ìdí kòtò yẹn ni mo ti máa bu erùpẹ̀, mo máa fún un lọ́wọ́ kó dà bí òkèlè, mo máa wá fi àtàǹpàkò tì í. Tó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ó ti tó. Tó bá kàn tẹ̀ wọnú bí àmàlà, tàbí tí mo bá lè yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó gùn bí okùn tí kò já, mo máa padà sílé. Ibi yanrìn lè tó lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ibi amọ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ kan, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọjọ́ fún yín, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.

Mo tún ní rọ́ọ̀dù tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irú èyí táwọn bíríkìlà ń lò, mo pọ́n ẹnu ẹ̀. Ọjọ́ kejì òjò ńlá ni mo máa ń fi gún ilẹ̀, torí ilẹ̀ gbígbẹ kò sígbà tí kì í le. Tó bá ń wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ tó wá dédé takú, ibẹ̀ ló ti kì.

Ti Alàájì, mo rò pé wọn ò ní gbà, ṣùgbọ́n mo kàn lọ bá wọn pẹ̀lú sùúrù. Àwa mẹ́fà tí oko wa súnmọ́ra la jọ lọ. A ní Alàájì, ẹ jẹ́ ká jọ san dípọ́sìtì lẹ́ẹ̀kan, ẹ kọ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa pọ̀, tẹ́ ẹ bá dé, oko tó bá ti gbẹ lẹ máa kọ́kọ́ ṣe, èyí tó bá tutù á dúró títí ẹ ó fi padà gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n rò ó, wọ́n gbà, torí ìrìn kan ni wọ́n máa fi ṣiṣẹ́ éékà tó pọ̀, katakata wọn ò sì ní rì. Ohun tí ì bá gbà mí ní 2021 nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Mo tún máa ń bẹ dírẹ́bà kó gba ojú ipa kan náà lọ kó gbà á bọ̀, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí táyà bá kọjá ló ń ṣe èyí tó burú jù, tí ipa bá ti wà, ẹ jẹ́ kó máa tẹ ibi tó ti tẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí atẹ́gùn táyà má sì le ju bí ìwé ẹ̀ ṣe sọ fún iṣẹ́ oko, táyà tó le bí òkúta ń gún ilẹ̀.

Éékà méjì ìsàlẹ̀, mi ò jẹ́ kí katakata wọ ibẹ̀ mọ́ láti 2023. Òtíìlì ni Bàbá ní kí n gbìn síbẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ lágbára, ó ń wọlẹ̀ jìn. Mo da pòpórò àti eèsún bo ojú ilẹ̀, mo la gọ́tà kékeré gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kí omi tó ń ti òkè bọ̀ má bàa dà sórí ẹ̀. Ọdún àkọ́kọ́ mi ò rí nǹkan kan tí mo lè pè ní èrè àfi òtíìlì fúnra ẹ̀, tá a jẹ tá a sì tà díẹ̀. Ọdún kejì, láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn òjò, mo rí òkìtì kéékèèké ìgbẹ́ ekòló lábẹ́ pòpórò. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Wọ́n ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ á lanu, mo sáré lọ pe Bàbá, àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, èmi ń nu ojú. Rọ́ọ̀dù mi tó máa ń takú ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin tẹ́lẹ̀ ti ń wọlé ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ níbi tó pọ̀.

Kì í ṣe ibi gbogbo ṣá. Ibi tí katakata ti rì yẹn ṣì ń gba omi dúró di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ti gbin kókò síbẹ̀, kókò fẹ́ràn omi.

Àbúrò mi pè lánàá. Ó ní wọ́n bínú díẹ̀ sí òun ṣùgbọ́n wọ́n gbà láti sún katakata sí ọjọ́ Ẹtì, òun á kọ́kọ́ walẹ̀ wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo bi í pé báwo ló ṣe máa gbẹ́ ẹ jìn tó. Ó ní títí dé ibi tí ọwọ́ òun bá nà dé.